Nọ́ńbà Márùn-ún Péré

"Nọ́ọ̀sì, ẹ dúró ná."

Nọ́ọ̀sì ti gbé àpò ẹ̀jẹ̀ kọ́ sórí irin. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọmọbìnrin Ìyá Kọ̀ǹpútà dùbúlẹ̀, ètè rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ó ti bímọ láàárọ̀, ara ọmọ tuntun sì le, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó dà lára ìyá rẹ̀ ti pọ̀ jù.

"Mà, dókítà ní ká tètè fà á sí i lára."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n ka ìwé tó wà lára àpò yẹn."

Ohun tó wà níbẹ̀ ni: 00412, ẹ̀jẹ̀ A. Ìyá Kọ̀ǹpútà gbé ọwọ́ ọmọ rẹ̀ sókè, ó ka nọ́ńbà tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́: 100412. Ó tún un kà. Òun àti olóògbé ọkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ O ni àwọn méjèèjì ní. Níbo ni ọmọ wọn ti rí A?

"Ẹ bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kọ́ nìyẹn."

"Kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ ẹ́ jáde, mà."

"Kọ̀ǹpútà yẹn gan-an ló ń já mi láyà."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó forí lé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá láàbù, obìnrin kan tó fi gíláàsì sí góńgó imú, jókòó síwájú ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ náà dúdú, lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé. Ìyá Kọ̀ǹpútà dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, bí ìyá ṣe ń dá ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín èrò.

Ọdún kẹtàdínlógójì rèé tó kọ ètò tí ẹ̀rọ yẹn ń lò. Òun nìkan ni obìnrin láàárín ọkùnrin mẹ́ta, nínú yàrá tó tutù débi pé súwẹ́tà ni wọ́n ń wọ̀ lọ́sàn-án gangan, torí ẹ̀rọ kò fẹ́ ooru. Díìsìkì ìgbà náà fẹ̀ tó abọ́ ìjẹun, síbẹ̀ ohun tó lè gbà kò tó nǹkan. Ńṣe ni wọ́n ń ṣún lẹ́tà lò bí omi ìgbà ọ̀dá. Nígbà tí wọ́n dé orí nọ́ńbà aláìsàn, ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n fi àyè mẹ́fà sílẹ̀. Òun ló kọ̀. "Márùn-ún tó," ló wí. "Ilé ìwòsàn wo ló fẹ́ rí ọ̀kẹ́ márùn-ún aláìsàn?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ tẹ orúkọ jáde, wọ́n jó yí tábìlì ká. Kò sí ìtàn tó máa ń dùn mọ́ ọn láti sọ fún àwọn ọmọ àdúgbò tó ìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Kọ̀ǹpútà.

"Ẹ̀rọ yìí kì í ṣìṣe, mà," ni ọ̀gá láàbù wí nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé e wá. "Ó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tí a ti ń lò ó."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Ọ̀gá láàbù bọ́ gíláàsì.

"Ẹ tẹ 100412."

Ó tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ tán, oókan tó wà níwájú pòórá. Orúkọ ọkùnrin kan tó ni 00412 látìbẹ̀rẹ̀ ló jáde, ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ọ̀gá láàbù fi ọwọ́ ara rẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọbìnrin Ìyá Kọ̀ǹpútà wò. O ni. Wọ́n gbé O wá, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, ètè rẹ̀ ti ń pọ́n padà.

"Màámi, ẹ jókòó. Ṣebí ara mi ti ń yá."

"Sinmi, ọmọ mi. Mò ń bọ̀."

Ó padà sí láàbù. "Ọjọ́ wo ni aláìsàn yín pé ọ̀kẹ́ márùn-ún?"

"Ọjọ́ Ajé tó kọjá."

"Ẹni mélòó ló ti gba ẹ̀jẹ̀ látìgbà náà?"

Ọ̀gá láàbù ti kà wọ́n. "Mọ́kànlá." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Mà, ẹ máa lọ tọ́jú ọmọ yín. Màá sọ fún dókítà pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ta ló máa mọ̀ yín mọ́ ọn?"

Ìyá Kọ̀ǹpútà ro ti ilé ẹjọ́. Ó ro bí ọmọ rẹ̀ ṣe máa wo òun. Ó kù díẹ̀ kó ní ó dáa.

"Ẹ̀rọ kò bàjẹ́," ló wí. "Ohun tí mo ní kó ṣe ló ṣe. Ẹ mú mi dé ọ̀dọ̀ dókítà."

Dókítà gbọ́rọ̀ rẹ̀ dópin láìdá sí i. Lẹ́yìn náà ó fi fóònù pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ̀jẹ̀ mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n tún un yẹ̀ wò. Ó ní kí Ìyá Kọ̀ǹpútà padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ìyá Kọ̀ǹpútà kọ̀, ó ní òun máa tẹ̀lé wọn lọ wo àwọn mọ́kànlá náà.

Bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́ ṣófo. Wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀.

"Aláìsàn ibí ńkọ́?" ni dókítà bi nọ́ọ̀sì.

"Ó lọ wẹ̀, sà."

Obìnrin náà wọlé tòun ti táwẹ̀lì léjìká, ó ń ráhùn pé omi tutù jù. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ó bá èyí tí wọ́n fà sí i lára mu. Orí ló bá a ṣe é. Ìyá Kọ̀ǹpútà gba bírò, ó fa ìlà sí nọ́ńbà obìnrin náà lórí ìwé tí wọ́n kọ ti àwọn mọ́kànlá sí, ó sì ṣáájú wọn lọ sí yàrá kejì.

Ó ku mẹ́wàá.