Iyọ̀ lórí Òkè Tapola

Ìdí ọkọ̀ ti yọ̀ kúrò lójú ọ̀nà kí Verna Saarela tó mọ̀ pé òun ti ṣe àṣìṣe. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí irin tí a fi ń tẹ iná ọkọ̀ láàárín kọ́nà, ìdí ọkọ̀ sì fò fẹ́rẹ́, ó ń yí bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba iwájú lọ́wọ́ rẹ̀. Verna yí sítíárì sí ìhà ibi tí ìdí náà ń lọ, ó sì rọra tún tẹ iná díẹ̀. Ọkọ̀ náà fì sí òsì, ó fì sí ọ̀tún, lẹ́yìn náà ó tọ́.

"Ta ní kí o gbé ẹsẹ̀ kúrò?" Bàbá rẹ̀ ló béèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó di ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ mú láàárín orúnkún méjèèjì.

"Ọkọ̀ ló fẹ́ wọgbó, Bàbá."

"Ìwọ lo ní kó wọgbó. Igi lo tẹjú mọ́. Ibi tí ojú bá ń wò ni ọkọ̀ ń lọ. Ojú ọ̀nà ni kí o máa wò."

"Mo ń wò ó."

"Wò ó dáadáa. Ẹsẹ̀ rẹ wúwo bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń tẹ amọ̀."

Verna di sítíárì mú pinpin. Ohun tó bà á lẹ́rù ni pé kò tíì sí yìnyín kankan nílẹ̀. Títì gbẹ fúrúfúrú. Òtútù nìkan ló wà, òtútù tó ń ta imú bí ata. Táyà ìgbà ooru ló wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ náà. Bí oòrùn bá mú, rọ́bà wọn á rọ̀, wọn á sì di títì mú bí ọwọ́ ọmọ ọwọ́ ṣe ń di ọmú. Ṣùgbọ́n nínú òtútù oṣù Bélú, wọ́n ti le bí pátákò ẹṣin. Gbogbo ará Keweenaw, agbègbè olótùútù tí wọ́n ń gbé, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó máa ra táyà ìgbà òtútù fún ọkọ̀ tí kì í jáde nígbà òtútù. Iyọ̀ ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀, kì í ṣe òtútù. Láti ọjọ́ tí ìjọba bá ti da iyọ̀ àkọ́kọ́ sójú títì láti fi yọ́ yìnyín, títí òjò ìgbà ìrúwé á fi fọ̀ ọ́ kúrò, inú abà ni ọkọ̀ tí èèyàn bá fẹ́ràn ń sùn. Irin tó bá jẹ iyọ̀ á dógùn-ún, yóò sì jẹrà láti abẹ́ wá kí olówó rẹ̀ tó mọ̀.

Ọkọ̀ eré-ìje pupa onílẹ̀kùn méjì yìí kò jẹ iyọ̀ rí láti ọjọ́ tí Onni Saarela ti rà á, nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Lọ́dọọdún, kí ewé tó wọ́ tán, yóò wà á kọjá Òkè Tapola lọ sí abà àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Lọ́dún yìí, ó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà ilé ooru, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń wẹ̀, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, ọsibítù sì dá a dúró títí ìgbà ìwọ́wé fi kọjá. Ojú rẹ̀ náà sì ti ń ṣú. Láti orí ibùsùn ló ti ṣèlérí fún dókítà eyín kan ní ìlú Marquette pé yóò ta ọkọ̀ náà fún un tí ìrúwé bá dé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà bi í: ṣé ọkọ̀ náà ti rí iyọ̀ rí? Onni ní rárá.

"Mi ò lè wà á mọ́," ló sọ fún Verna lọ́jọ́ náà. "Ìwọ náà, wàá kàn fi gbá igi ni."

Inú ọkọ̀ yẹn ni Verna ti kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó fẹ́ ẹ ju ohunkóhun tí bàbá rẹ̀ ní lọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún nǹkan. Ó kàn ní kí wọ́n dúró kí ojú ọjọ́ dára díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní rédíò ti sọ pé yìnyín máa já bọ́ kí ó tó di ọ̀sán, bí yìnyín bá sì já, ọkọ̀ oníyọ̀ á jáde. Bí wọn ò bá lọ lówùúrọ̀ yìí, wọn ò ní í lè lọ mọ́. Ìdí nìyí tí Verna fi ń gbé ohun tó wù ú lọ pamọ́ fún ẹlòmíràn, pẹ̀lú táyà tó dà bí igi.

Yìnyín àkọ́kọ́ bà lé gíláàsì ọkọ̀ nígbà tí wọ́n dé ẹsẹ̀ òkè.

"Ó ti dé," ni Onni wí. "Tẹ̀ ẹ́ díẹ̀."

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹsẹ̀ mi wúwo ni."

"Mo ní kí o tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, mi ò ní kí o pa á. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Wọ́n gun ìdajì òkè náà dáadáa. Níbi tí igi ìhà méjèèjì ti ṣíji bo ọ̀nà, tí oòrùn kì í dé, ìrì alẹ́ àná ti dì sójú títì, yìnyín tuntun sì bò ó bí ìyẹ̀fun. Verna rí i pé ojú títì yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti wọ ibẹ̀. Táyà ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í yí lásán. Ẹ̀rọ kígbe, ọkọ̀ kò lọ síwájú. Ìdí rẹ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ sí ìhà ọ̀gbun, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú, bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ.

"Má tẹ búréèkì!"

"Mi ò tẹ̀ ẹ́!"

Ó tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ó yí sítíárì. Ọkọ̀ náà ṣì ń yọ̀. Etí títì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn nínú dígí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ orí igi páìnì nìkan ló hàn, nítorí ìdí àwọn igi náà wà nísàlẹ̀ jìnnà. Táyà ẹ̀yìn ọ̀tún bá òkúta wẹ́wẹ́ pàdé létí títì, ó sì dúró. Ọkọ̀ dábùú ọ̀nà.

Verna fa búréèkì ọwọ́, ó rọra ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó di ara ọkọ̀ mú kó tó lè dúró. Àtẹ́lẹwọ́ kan ló kù láàárín táyà àti ọ̀gbun. Ó padà sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ẹ má mira, Bàbá."

"Ta ló fẹ́ mira? Pẹ̀lú ìbàdí wo?"

Nígbà náà ni wọ́n gbọ́ ẹ̀rọ ńlá kan tó ń gun òkè bọ̀ lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ oníyọ̀ ni, iná ofeefee ń yí lórí rẹ̀. Ó dúró nísàlẹ̀ díẹ̀, Duane Tervo sì jáde nínú rẹ̀, mítì páì tó fi bébà wé ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan náà ni òun àti Verna jókòó sí nílé ìwé.

"Verna ọmọ Onni! Ṣé ibí lo fẹ́ páàkì sí ni?"

"Duane, má bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ti ọkọ̀ yìí sókè fún mi."

Duane wo táyà, ó wo ọ̀gbun, ẹ̀rín sì kúrò lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ̀yin àti táyà yìí, nínú oṣù Bélú!"

"Pa ẹnu mọ́, kí o tì," ni Onni dá a lóhùn.

"Kò ṣeé tì. Ẹsẹ̀ mi gan-an ń yọ̀. Ẹ jẹ́ kí n da iyọ̀ àti iyanrìn sí i."

"Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ kàn án! Mo ti ṣèlérí fún èèyàn."

Duane wo Verna. "Ṣé o mọ ohun tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè? Àwọn agbégilódò ti di ẹrù. Kí wọ́n tó jẹun ọ̀sán ni wọ́n máa ń kọjá níbí. Mo pè wọ́n lórí rédíò, ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Mi ò lè gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá láti da iyọ̀ sí òkè, ẹ ti dí ọ̀nà pa. Bí mo bá sì sáré lọ ju ọwọ́ sí wọn, kí ni wọ́n fẹ́ fi dúró lórí yìnyín?"

"Jókòó sórí bùùtù," ni Verna wí.

"Kí ni?"

"Ìdí ọkọ̀ ló fúyẹ́. Ìwọ wúwo. Jókòó sí i."

"Ìyàwó mi ń fi ikùn mi bú mi lójoojúmọ́," ni Duane wí bó ti ń rápálá lọ síbẹ̀. "Bí mo bá délé, màá sọ fún un pé ó wúlò."

Ó jókòó. Ọkọ̀ tẹ̀ sílẹ̀. Verna wọlé, ó fi í sí jíà kejì kí agbára má bàa pọ̀ jù, ó sì jọ̀wọ́ kúlọ́ọ̀ṣì bí ẹni tó ń tú aṣọ kúrò lójú egbò. Táyà di ilẹ̀ mú, ọkọ̀ lọ síwájú bí ìgbọ̀nwọ́ kan, ó tún yọ̀. Duane pariwo. Ìdí ọkọ̀ padà sétí ọ̀gbun.

Onni ti ń bọ́ kóòtù rẹ̀. Irun àgùntàn ni, èyí tí ìyá Verna rà fún un. "Tẹ́ ẹ síwájú táyà."

"Bàbá, òtútù á pa yín."

"Mo ní kí o tẹ́ ẹ."

Wọ́n tẹ́ ẹ. Táyà gbá kóòtù náà mú, ó sì fi í sọ̀kò sẹ́yìn, kóòtù náà fò kọjá lórí Duane, ó sì wọ inú ọ̀gbun lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ fèrè. Ó ti òkè wá, ó jìnnà, ó gùn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìró ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fi jíà dá dúró, gùdù-gùdù-gùdù, bí ààrá tó ń bọ̀ lẹ́yìn igbó. Duane bẹ́ sílẹ̀.

"Verna, gbé bàbá rẹ jáde!"

Verna wo bàbá rẹ̀, ó wo ìbàdí rẹ̀ tó fi ìrọ̀rí tì, ó sì wo ilẹ̀ tí ọkùnrin alágbára kò lè dúró lé. Kò sí àyè.

"Iyọ̀, Duane! Da iyọ̀ sí i!"

"Rárá!" ni Onni wí. "Verna, mo ní rárá!"

"Mo gbọ́ yín, Bàbá. Dà á, Duane!"

Duane ti ń fi ṣọ́bìrì gbọ́n ọn lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀. Ó ń dà á síwájú táyà, sábẹ́ ọkọ̀, sójú ọ̀nà níwájú. Iyọ̀ àti iyanrìn ń ta sára irin, ó ń dún bí àgbàdo tí wọ́n ń yan.

"Ohun tí o ń fẹ́ náà nìyí," ni Onni wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kí n má bàa rí i tà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Verna lára ju òtútù lọ, ṣùgbọ́n fèrè tún dún, ó ti sún mọ́lé. "Bàbá, ẹ dákẹ́, kí n lè gbọ́ ẹ̀rọ."

Ó jọ̀wọ́ kúlọ́ọ̀ṣì. Táyà ha iyanrìn, ó gbọ̀n, ó dì í mú. Ọkọ̀ rìn. Ìdí rẹ̀ fẹ́ yọ̀. Verna kò gbé ẹsẹ̀ kúrò, kò sì fi kún un. Ó yí sítíárì díẹ̀ bí ẹni yí ojú ọmọ padà, ó tẹjú mọ́ etí títì tó fẹ̀ níwájú níbi tí àwọn ọdẹ máa ń dúró sí, kò wo ọ̀gbun lẹ́ẹ̀kan. Ọkọ̀ rìn wọ́ọ́rọ́, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó wọ ibẹ̀. Agbégilódò yọ lórí kọ́nà pẹ̀lú igi tó ga bí ilé, táyà rẹ̀ mélòó kan kò yí mọ́, ó kàn ń yọ̀ bọ̀ ni. Ó kọjá. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ kékeré náà bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìkòkò. Nísàlẹ̀, ó bọ́ sójú iyọ̀ tí Duane ti dà bọ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ọkọ̀ oníyọ̀, ó sì dúró.

Wọ́n rí Duane tó jáde nínú igbó, ó ń gbọn yìnyín kúrò lára. Ó juwọ́ sí wọn. Mítì páì rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Verna rọra wà á títí wọ́n fi dé abà. Verna mú bàbá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e. Ó dáná nínú ilé ooru àbúrò bàbá rẹ̀, ó gbé omi kaná, ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tẹ́ páálí sílẹ̀, ó sì wọ abẹ́ rẹ̀. Ó fi omi gbígbóná fọ gbogbo abẹ́ ọkọ̀ náà, igun dé igun, ó fi ìka yọ iyanrìn kúrò nínú ihò tí búrọ́ọ̀ṣì kò dé. Omi ń kán sí i lọ́rùn, apá aṣọ rẹ̀ dì gbagidi. Kò sí ẹni tó ní kó ṣe é. Iṣẹ́ ni, a kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín. Onni ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti orí àpótí, ó tẹ orí sílẹ̀ dé ibi tí ìbàdí rẹ̀ gbà á.

"Lẹ́yìn táyà yẹn."

"Mo ti fọ ibẹ̀."

"Tún un fọ̀."

Ó tún un fọ̀. Ó fi aṣọ nù ún gbẹ, ó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó tú bátìrì, ó kó káńfọ̀ sínú ọkọ̀ nítorí eku, ó sì fa aṣọ bò ó. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ síbi ìṣó tí bàbá rẹ̀ máa ń gbé e kọ́ lọ́dọọdún.

"Èmi fúnra mi ni màá pe dókítà eyín náà," ni Onni wí.

"Kí lẹ fẹ́ wí fún un?"

"Pé ó ti jẹ iyọ̀."

"Ó mọ́, Bàbá. Ìṣojú yín ni mo fọ̀ ọ́. Ẹyọ kan kò kù."

"Mo mọ̀ pé ó mọ́. Kò bi mí bóyá ó mọ́. Ó bi mí bóyá ó ti rí iyọ̀ rí." Ó pa tọ́ọ̀ṣì. "Mo ní o fẹ́ kí n má rí i tà."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo ṣì í sọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní í dùbúlẹ̀ sínú omi títí di ìsinsìnyí." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ìṣó. "Kí lo ń gbé e kọ́ síbẹ̀ fún? Ta ló fẹ́ wá mú un lọ́wọ́ rẹ? Bí a bá kọjá láàárín ìlú, kí o béèrè iye tí wọ́n ń ta táyà ìgbà òtútù. Ọkọ̀ tó ti jẹ iyọ̀, kí ló tún ń sá fún?"

Verna dúró díẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ lókè. Ó wá fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò. Ó pa iná, ó ti ilẹ̀kùn abà, ó sì di apá bàbá rẹ̀ mú lọ síbi ọkọ̀ akẹ́rù tirẹ̀ àtijọ́ tó ti gbé síbẹ̀ lánàá kí wọ́n lè fi padà sílé. Ó ràn án lọ́wọ́ wọlé, ó tan ẹ̀rọ, ó sì wà á jáde lọ sójú títì tí iyọ̀ ti sọ di funfun.