Ohun Tó Wà Lábẹ́ Kápẹ́ẹ̀tì Pijó

Láti kékeré ni Akọ́ládé ti ń fẹ́ ní Pijó 504, irú èyí tí búùtù rẹ̀ gùn gbọọrọ tó ṣeé sùn sí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wọn ní Òkè-Ọpin ló ní irú rẹ̀ nígbà náà. Tó bá ti ń kọjá, àwọn ọmọ á máa sáré tẹ̀ lé eruku rẹ̀ títí á fi pòórá. Akọ́ládé wá di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, tíṣà ìṣirò ní Odò-Ọ̀wá, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ tirẹ̀. Ìlọrin ló ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gideon.

Gideon gbá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà létí bí ẹni gbá ẹṣin. Ó ní, “Tíṣà, ẹ́ńjìnnì yìí á bá yín dé Mẹ́kà. Inú rẹ̀ nìkan ló fẹ́ àtúnṣe díẹ̀.”

Òótọ́ ló sọ nípa ẹ́ńjìnnì. Akọ́ládé wa ọkọ̀ náà gba Òmù-Àrán délé láìdúró lẹ́ẹ̀kan. Àmọ́ kò lè ti wíńdò kankan. Òórùn kan wà nínú rẹ̀ tó ń ta ènìyàn nímú bíi kẹ́míkà inú lábù ilé ẹ̀kọ́, tí òmíràn sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀, tó dà bíi ti ẹran tí ènìyàn gbàgbé sínú ìkòkò. Ó ní èkúté ló kú síbì kan.

Badirat, ìyàwó rẹ̀, kò sí nílé. Ó ti lọ bá Hikmah ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun ní Àbújá. Ìsinmi gígùn ti bẹ̀rẹ̀, kò sí iṣẹ́ nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà Akọ́ládé gbé ọkọ̀ náà sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé, ó ní òun fúnra òun lòun máa tún inú rẹ̀ ṣe.

Ìjókòó iwájú ló kọ́kọ́ tú. Bó ṣe gbé e sókè báyìí, aáyán tú jáde bí àgbàdo tó dà nù, ọ̀kan gba inú apá ẹ̀wù rẹ̀ wọlé. Ó pariwo, ó sì bọ́ ẹ̀wù náà sọnù sórí koríko. Nínú fóòmù ìjókòó àárín, èkúté ti gbẹ́ ihò, wọ́n fi ìwé àti òwú tẹ́ ẹ, ọmọ èkúté mẹ́rin tó ti gbẹ sì lẹ̀ mọ́ fóòmù náà bí ẹja gbígbẹ. Ìtọ̀ wọn ti sọ fóòmù di pupa rúsúrúsú. Nígbà tó fà á ya, ìyẹ̀fun rẹ̀ bu sí i lẹ́nu. Ó tutọ́ títí itọ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ òrùlé inú ọkọ̀ ti bu, ó ti di dúdú àti aláwọ̀ ewé, ó sì ń já wálẹ̀ sí i lórí tó bá ti fara kàn án.

Síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. Ó ń kó ẹ̀gbin jáde, ó ń rí irin tó mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá, níbi búùtù, ni kò tíì fọwọ́ kàn. Kápẹ́ẹ̀tì tó wà níbẹ̀ nípọn, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ya, ló bá gbá a, ó ní ìyẹn ṣì dára. Níbẹ̀ ló ń jókòó jẹun ọ̀sán. Tí oòrùn bá mú, á na ẹsẹ̀ síbẹ̀, á fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé kápẹ́ẹ̀tì náà, á sùn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí Badirat dé, iyán ló kọ́kọ́ gún fún ọkọ rẹ̀, ó gbé e lọ bá a lábẹ́ igi. Badirat ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kù bí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún kó dé ìdí ọkọ̀ ló dúró. Imú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, “Bàbá Hikmah, ta ló kú nínú ọkọ̀ yìí?”

Akọ́ládé rẹ́rìn-ín. “Èkúté ni. Mo ti kó wọn dà nù.”

“Èkúté kọ́. Èkúté kì í mu fọ́málíìnì.” Ó gbé iyán sílẹ̀ lórí òkúta. “Oògùn tí wọ́n ń gún sí òkú lára nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀.”

Ọkọ rẹ̀ wo kápẹ́ẹ̀tì tó jókòó lé. Ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́ bí ẹni tí iná jó. Badirat wọlé, ó mú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú wá fún àwọn méjèèjì. Wọ́n di igun kápẹ́ẹ̀tì náà mú lọ́tùn-ún lósì, wọ́n fà á. Kò fẹ́ kúrò. Nǹkan kan ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Nígbà tó wá já, ó dún bí ìgbà tí ènìyàn ń bó awọ ẹran, òórùn náà sì gbá wọ́n lójú.

Abẹ́ rẹ̀ dúdú láti ibi ìjókòó títí dé ẹnu ìlẹ̀kùn búùtù. Omi tó ti jáde lára ẹlòmíràn, tó dì, tó gbẹ, tó tún rọ̀ nítorí ọ̀rinrin òjò, ló wà níbẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ epo. Òwú tí wọ́n fi ń di imú òkú wà nínú rẹ̀ ní ìdìdì. Irun funfun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kápẹ́ẹ̀tì, ní ọ̀gangan ibi tí Akọ́ládé máa ń gbé orí sí tó bá ń sùn.

Kò dé ẹ̀yìn igi máńgòrò kí èébì tó gbé e. Ó bì títí kò fi sí ohun tó ń jáde mọ́. Ó lọ sílé ìwẹ̀, ó fi ọṣẹ dúdú fọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi bó. Nígbà tó jáde, iyán ti tutù lórí òkúta, eṣinṣin ti bò ó. Ó tún padà wọ ilé ìwẹ̀.

Ó sọ fún Badirat pé, “Àwa Mùsùlùmí tí a kì í jẹ́ kí òkú ẹni sùn sílé! Mo ti ń dìde lórí ohun òkú lọ kírun fún ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Ẹ ò mọ̀. Ọlọ́run mọ̀ pé ẹ ò mọ̀.”

Akọ́ládé pe Gideon lórí fóònù. Ọkùnrin náà gbé e, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, ó wá bú sẹ́rìn-ín.

“Tíṣà, òkú ni mo ń fi í kó fún ọdún méje, mi ò purọ́ fún yín. Ẹ ò bi mí ni. Ṣé ẹ̀yin ò ní kú ni?” Ó sì pa fóònù rẹ̀.

Akọ́ládé ní òun máa dáná sun ọkọ̀ náà. Ó ti ń wá kẹrosíìnì nígbà tí Badirat pè é. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ihò táyà àfirọ́pò, ó ń fi ìka méjì fa nǹkan kan jáde. Okùn báńdéèjì ni, wọ́n so páálí kékeré kan mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọmọ ìka ẹsẹ̀ òkú nílé ìgbókùúsí. Bíróò tí wọ́n fi kọ ọ́ ti ṣá, àmọ́ ó ṣeé kà: *Àbẹ̀kẹ́ Ìbítóyè. Koro.* Ọjọ́ kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2019 ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Akọ́ládé ní, “Jù ú padà síbẹ̀, kó jóná mọ́ ọkọ̀.”

“Orúkọ ènìyàn?” Badirat wò ó. “Koro ò jìnnà.”

Kò fẹ́ lọ. Gbogbo òru ọjọ́ náà ló fi ń gbọ́ òórùn yẹn lára ìrọ̀rí. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, ó di páálí náà sínú ọ̀rá, ó gun ọ̀kadà lọ sí Koro. Wọ́n fi ilé Ìbítóyè hàn án. Ó bá obìnrin kan nídìí agbada gaàrí, tó tó ẹni ogójì ọdún, tí èéfín ti mú kí ojú rẹ̀ pọ́n. Ọpẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni ìyá rẹ̀.

Akọ́ládé kò mọ ibi tí ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Ó nawọ́ ọ̀rá náà sí i. Obìnrin náà wo orúkọ yẹn pẹ́. Ó yọ igi kúrò nínú iná kí gaàrí má baà jó.

“Níbo lẹ ti rí i, sà?”

“Nínú ọkọ̀ tí mo rà. Pijó gbọọrọ.”

“Pijó aláwọ̀ eérú?”

“Òun ni.”

Ọpẹ́olúwa fìdí lé àpótí. Ó sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ti sọ ọ́ fún ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ní ọsibítù ní Ìlọrin ni ìyá òun kú sí. Káfíńtà ń kan pósí lọ́wọ́ ní Koro, nítorí náà aṣọ funfun nìkan ni wọ́n fi dì í wá. Iwájú lòun jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà.

“Nígbà tí a kọjá Òmù-Àrán, ó dúró ra ẹran ìgbẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Òyà ni. Ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó ṣí búùtù, ó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí yèyé mi. Mo ní, ‘Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síbòmíràn.’ Ó ní ẹran pẹ̀lú ẹran ni.”

Akọ́ládé dijú.

“Ó kù díẹ̀ ká délé, a bá ẹrẹ̀. Òjò ti rọ̀ láti àárọ̀. Ó ní òun ò wọ inú ẹrẹ̀ yẹn, ọkọ̀ òun á rì. Mo bẹ̀ ẹ́, mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ṣí búùtù, ó ní kí n di ẹsẹ̀ mú. A gbé yèyé mi sórí koríko, èmi àti òun. Ó mú òyà rẹ̀, ó nu ọwọ́ sára aṣọ tí a fi dì í, ó yí ọkọ̀ padà, ó lọ. Mo jókòó ti yèyé mi nínú òjò títí àwọn tó ń bọ̀ láti oko fi dé. Ìlẹ̀kùn ni wọ́n lọ yọ wá tí wọ́n fi gbé e wọ̀lú.”

Akọ́ládé tún rí Gideon bó ṣe ń gbá ẹ́ńjìnnì létí. Ó rántí pé òun bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Láti àná ló ti ń rò pé kò sí ohun tó tún lè rí òun lára ju ohun tó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì yẹn lọ.

Ọpẹ́olúwa ní, “Ṣé ẹ ti fọ̀ ọ́?”

“Rárá. Mo fẹ́ sun ún ni.”

“Ẹ má tíì sun ún. Mo ń bọ̀ lọ́la.”

Ó wá lóòótọ́, ó kó ọṣẹ àti kànìnkànìn tirẹ̀ dání. Badirat fún un ní ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó dá ìbòmú padà. Ó fi ọ̀bẹ gé ibi tí irun funfun lẹ̀ mọ́ lára kápẹ́ẹ̀tì, ó wé e sínú ìborùn mímọ́. Lẹ́yìn náà ló wọnú búùtù, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ irin. Omi tó ń ṣàn jáde dúdú, ó nípọn, àwọn adìẹ sá fún un. Nígbà kan ó rọra ń dárin kan láti inú ìwé orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn, nígbà tó yá ó dákẹ́.

Akọ́ládé dúró lọ́nà jíjìn, ó fi ọwọ́ di ìbòmú mọ́ imú. Badirat wojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Akọ́ládé pọn omi kún korobá, ó sún mọ́ ọkọ̀ náà, ó ń dà á bí Ọpẹ́olúwa ṣe ń fọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sáré lọ bì, tó sì padà wá. Kò lè purọ́ pé ìríra náà dín kù. Ńṣe ló ń da omi náà nìṣó pẹ̀lú ìríra yẹn lára rẹ̀.

Wọ́n sun kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù nínú kòtò. Akọ́ládé wá lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù nínú ìsinmi rẹ̀ nídìí ọkọ̀ náà. Ó fi sáńpépà ha irin títí ó fi funfun, ó kùn ún lọ́dà. Ó gé fóòmù tuntun, ó rán lẹ́dà dúdú sí i lára, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ aláwọ̀ eérú mọ́ òrùlé. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n ní ó dà bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó dúpẹ́. Àmọ́ kò jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ jẹun mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sì padà fẹnu kan ẹran ìgbẹ́.

Ìrìn àkọ́kọ́ tó fi ọkọ̀ náà rìn, Ọpẹ́olúwa ló lọ gbé ní ọjà Òsí. Ó ní òun á gbé e délé pẹ̀lú àpò gaàrí tí kò tà. Iwájú lobìnrin náà jókòó sí. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Koro, ẹrẹ̀ gbalẹ̀ láti etí kan dé etí kejì ọ̀nà.

Ọpẹ́olúwa ní, “Ibí ni.”

Akọ́ládé tẹ bíréèkì. Kò mọ̀ bóyá kí òun sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin náà kò sọ pé kó sọ̀ kalẹ̀, ló bá ju jíà sí ọ̀kan, ó rọra wọ inú ẹrẹ̀ náà. Ó ta sára wíńdò pàẹ̀. Táyà yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó dì mú, wọ́n sì jáde ní òdì kejì. Kò gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú méjì.

Ẹ́ńjìnnì ń dún bó ṣe máa ń dún.

Ọpẹ́olúwa wá ní, “Tíṣà, ọkọ̀ yìí lè kọjá lọ́jọ́ yẹn.”

“Ó lè kọjá.”

Akọ́ládé yí wíńdò sílẹ̀, ó tutọ́ síta. Omijé ń bọ́ lójú obìnrin náà, kò nù ún. Akọ́ládé wà á délé, ó gbé àpò gaàrí wọlé fún un, ó sì dúró láti kí àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó padà sí Odò-Ọ̀wá.