Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀ Mẹ́wàá

“Ìyàwó Tauno, ṣé wọ́n jí bàtà ẹ ni?”

Oiva dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ Hilja lórí yìnyín. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá a sọ láti ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Mi ò mọ ẹsẹ̀ mi lára mọ́.”

Bàbá náà yẹ̀ fún un lẹ́nu ọ̀nà.

Gbogbo ìlú Iisalmi ló mọ Hilja, obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ pínpín lẹ́tà, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán sáré lójoojúmọ́, ooru ni o, òtútù ni o. Ọdún mẹ́fà rèé. Òfin kan ló fi ń ṣọ́ ara rẹ̀: bí ẹsẹ̀ bá ń dunni nínú yìnyín, ẹsẹ̀ ṣì wà láàyè, ìgbà tí ìrora bá dákẹ́, kí èèyàn wá ilé lọ kíákíá. Láàárọ̀ yìí, ó ti sáré dé ìdajì ọ̀nà etí adágún kí atẹ́gùn tó yí padà, kí òtútù tó le sí i. Ìrora náà dákẹ́. Ó fẹsẹ̀ janlẹ̀, àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló fi ń janlẹ̀. Ilé rẹ̀ jìnnà. Ilé Oiva nìkan ló wà nítòsí.

Oiva yìí ló gé igi tí Tauno, ọkọ Hilja, gbìn sẹ́nu ààlà ilẹ̀ àwọn méjèèjì létí adágún, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn. Lọ́dún náà gan-an ni Tauno kú. Oiva kò yọjú síbi ìsìnkú.

Bàbá náà bu yìnyín sínú abọ́ wá. “Jẹ́ kí n fi èyí ra ẹsẹ̀ ẹ. Bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

“Rárá o! Ẹ fẹ́ bó mi láwọ ni? Omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ fún mi.”

Ó gbé omi wá nínú bàsíà. Hilja fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè sọ fún un bóyá ó ń jóni. Ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò mọ nǹkan kan lára. Ẹ̀rù bà á gan-an.

“Mo máa ń rí ẹ lójú fèrèsé,” ni Oiva wí, bóyá kí ẹ̀rù náà lè dínkù. “Mo máa ń sọ fún ológbò mi pé wèrè ti ń kọjá.”

“Kí ni ológbò yín wá wí?”

“Ó ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Pé òun náà kì í wọ bàtà.”

Hilja bú sẹ́rìn-ín. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni nǹkan ti gún un lẹ́sẹ̀ bí abẹ́rẹ́, ó gún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì di iná.

“Ó ń dùn mí! Bàbá, ó ń dùn mí!” Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ń ka àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìrora ṣe ń padà sí wọn, títí wọ́n fi pé mẹ́wàá.

Oiva bu kọfí fún un, ó sì jókòó. “Mo múra lọ́jọ́ ìsìnkú yẹn. Mo dé géètì yín. Ojú tì mí torí igi yẹn, mo bá padà.”

Hilja mu kọfí díẹ̀. “Tauno fúnra rẹ̀ máa ń ṣépè fún ewé igi yẹn tó bá ń gbá a.” Ó gbé ife kalẹ̀. “Àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ wọlé, Bàbá. Inú mi ìbá dùn.”

“Mo mọ̀.”

Oiva wúkọ́. “Lọ́dún tó kọjá, mo bọ́ bàtà, mo ní kí n sáré nínú yìnyín dé ibi igi ìdáná. Mo kígbe tó bẹ́ẹ̀ tí ológbò fi sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.”

“Ẹ bẹ̀rẹ̀ lódì ni. Ẹ jẹ́ kí òtútù rọ̀ ná. Láti ẹnu ọ̀nà dé géètì, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màá dúró tì yín.”

“Ìgbà wo?”

Hilja wo ojú ọ̀run lójú fèrèsé. “Ọjọ́rú. Òtútù á ti rọ̀,” ló wí, ó sì na ife sí i kó tún bu kọfí sí i.