Ẹran Funfun Inú Ẹ̀rọ Gbádébọ̀

Gbádébọ̀ ló tú ẹ̀yìn rédíò ilé-ìwé wa. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí ná, kí ẹ tó mọ ohunkóhun mìíràn. Kíláàsì kẹrin la wà nígbà náà, ní Ṣakí níbí, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé rédíò wá fún wa kí a lè máa gbọ́ ẹ̀kọ́ láti Ìbàdàn. Gbádébọ̀ fẹ́ rí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ tú u nígbà tí a jáde lọ ṣeré, rédíò sì yadi. Nígbà tí ọ̀gá ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó ṣe é, inú àpò ìwé tèmi ni wọ́n ti bá bọ́tìnì tí a fi ń yí ohùn rẹ̀ sókè. Gbádébọ̀ nàka sí mi, ó ní, "Ládòkun ti ba ẹ̀rọ jẹ́!"

Wọ́n nà mí níwájú gbogbo ilé-ìwé. Ẹgba yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀, mo ní n kò ní bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n kò ṣe. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé títí n ó fi ṣetán láti bẹ̀bẹ̀. Mo lọ. N kò tíì ṣetán títí di òní.

Nítorí náà, nígbà tí Gbádébọ̀ gbé ẹ̀rọ eré kan dé láti Kútọnu lọ́dún 1982, tí gbogbo àdúgbò ń sáré lọ wò ó, èmi kò lọ. Òdìkejì títì, ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ni mo ti ń lẹ táyà. Láti ìdí páǹpù mi ni mo ti ń gbọ́ ọ, pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń gbé e ṣiṣẹ́: pìn-ín, pìn-ín, gbòà! Lẹ́yìn náà, ariwo àwọn èèyàn. Ẹsẹ̀ mi a fẹ́ dìde. N ó ní kó jókòó.

Àwáwù aláṣọ ni ọ̀gá wọn nídìí ẹ̀rọ náà. Òun náà wà ní kíláàsì wa rí. Ní ọjọ́ kan, ó gbé táyà kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ̀ wá fún mi.

"Ládòkun, o ò tíì lọ wò ó síbẹ̀?"

"Èmi kì í wọ ilé ẹni tó purọ́ mọ́ mi."

"Ilé kọ́, ṣọ́ọ̀bù ni. Àbí ò ń sá kí obìnrin má baà nà ọ́ nínú eré?"

"Èmi? Èmi ọmọ Ògúnsúyì?"

"Mo kàn ń béèrè ni o, ọmọ ọdẹ tó ń gbọ́ ìró ìbọn láti òdìkejì títì!"

Mo ju táyà ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, mo kọjá sí ọ̀hún.

Gbádébọ̀ rí mi. Èmi kò kí i. Ẹ̀rọ náà ga bíi kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní dígí bíi ti tẹlifíṣọ̀n, ọ̀pá kékeré kan tí wọ́n fi ń darí rẹ̀, àti bọ́tìnì pupa tí wọ́n fi ń yìnbọn. Mo dúró tì í. Nígbà tí dígí náà tàn, orí mi wú. Èéfín pupa bo gbogbo òkè rẹ̀, ọkùnrin kékeré kan sì dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Àwọn tó kù ní ogun ojú ọ̀run ni. Irọ́ ni! Igbó tó ń jó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo rí, lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, níbi tí bàbá mi máa ń mú mi dúró sí kí ẹran tó tú jáde.

Ẹran funfun kékeré kan ló kọ́kọ́ yọ nínú èéfín.

"Yìn ín!" ni gbogbo wọn ké.

N kò yìn ín. Nílé wa, a kì í yìnbọn fún ẹran tó bá kọ́kọ́ sá jáde nínú iná. Bàbá mi ní òun ló ń la ọ̀nà fún àwọn tó kù, pé tí a bá pa á, àwọn tó kù á yí padà. Ọwọ́ mi ti dúró kí n tó rántí ìdí rẹ̀. Ìgbà tí funfun náà kọjá tán ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í yìn àwọn dúdú tó ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Gbòà! Gbòà! Inú mi ń dùn débi pé mò ń rẹ́rìn-ín sókè.

Èéfín mìíràn rú, funfun mìíràn yọ. Mo tún jẹ́ kó lọ.

"Ṣé kò ríran ni?" ni Àwáwù wí.

Èéfín kẹta rú. Mo jẹ́ kí funfun tibẹ̀ náà lọ. Lójijì, dígí ṣókùnkùn biribiri.

"Ládòkun ti ba ẹ̀rọ jẹ́!"

Gbádébọ̀ ni, lẹ́yìn mi. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu kan náà! Ó na ọwọ́ kó fa wáyà rẹ̀ yọ, Àwáwù sì gbá ọwọ́ náà dànù.

"Fi í sílẹ̀! Ẹ wò ó! Ẹ wò ó!"

Ilẹ̀kùn kékeré kan ṣí láàárín òkùnkùn náà. Ẹran funfun yọrí níbẹ̀, orin mìíràn sì bẹ̀rẹ̀. Kò sí ìbọn mọ́, kò sí èéfín. Ọ̀nà tóóró ló wà níbẹ̀, tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí inú ihò òkété, pẹ̀lú èso tó ń dán lọ́tùn-ún lósì. Ibi tí mo bá yí ọ̀pá sí ni ẹran náà ń gbà. Eré mìíràn nínú eré! Ó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀, títí kan ẹni tó rà á. Mò ń sáré, mò ń já èso, mò ń pariwo bí ọmọ kékeré. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń gbá ara wọn mú. Ẹnì kan gun àga kó lè rí i, àga ṣẹ́, kò tilẹ̀ dìde nílẹ̀ kó tó máa béèrè pé, "Ṣé ó ṣì ń lọ?"

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rí ilẹ̀kùn yẹn ṣí. Wọ́n ní oògùn ọdẹ wà lọ́wọ́ mi. Àwọn kan wá tọrọ gọ́ọ̀mù tí mo fi ń lẹ táyà, wọ́n fi pa ìka. Ọkùnrin kan ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ kan kó tó ṣeré, nítorí ó ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni mo wọ bàtà sí lọ́jọ́ náà. Mo jókòó tì páǹpù mi, mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run mí.

Gbádébọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ti kéde títí dé Àgọ́-Àrẹ àti Àgọ́-Àmọ́dù pé lọ́jọ́ Iléyá, gbogbo ayé á rí eré inú eré. Nígbà tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀, ó kọjá títì wá bá mi.

"Ládòkun, ọ̀rẹ́ mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Jọ̀ọ́, báwo lo ṣe ṣí i? Máa wá ṣeré lọ́fẹ̀ẹ́ títí ayé."

"Sọ ẹni tó tú rédíò, níwájú èrò."

Ó wo ilẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé nìyẹn. O ṣì ń rántí?"

"Ojoojúmọ́."

"Ìyá mi á wà níbẹ̀, Ládòkun. Òun ló mú mi wá bẹ bàbá ẹ nígbà náà pé kí ó dárí jì ọ́."

"Kí òun náà wá gbọ́."

Ó lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù kún, títì kún. Gbádébọ̀ ṣeré títí òógùn fi bo fìlà rẹ̀ tuntun. Àwáwù ṣeré. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ará Àgọ́-Àmọ́dù kan ní, "Ṣé irọ́ lẹ fi pè wá ni?" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Gbádébọ̀ jókòó níwájú, ó ń ká ìborùn rẹ̀ sọ́wọ́, ó ń tú u. Gbádébọ̀ wo òdìkejì títì.

"Ẹ jẹ́ kí Ládòkun kọjá," ló wí.

Mo kọjá títì, mo dúró nídìí ẹ̀rọ. Funfun àkọ́kọ́ yọ, mo jẹ́ kó lọ. Ìkejì, mo jẹ́ kó lọ. Èéfín kẹta ń rú. Mo gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì pupa, mo sì ké láìbojú wẹ̀yìn:

"Gbádébọ̀! Ta ló tú ẹ̀yìn rédíò?"

Gbogbo wọn yíjú sí Gbádébọ̀.

"Ládòkun, mo bẹ̀ ọ́..."

"Tí mo bá tẹ èyí, ilẹ̀kùn ò ní ṣí mọ́. Ta ni?"

"Rédíò wo nìyẹn, Débọ̀?" ni ìyá rẹ̀ béèrè.

Funfun ti yọ. Ó ti dé àárín dígí, ó ń bọ̀ wá sí ojú ìbọn.

"Èmi ni!" Ohùn Gbádébọ̀ bo ti jẹnẹrétọ̀ mọ́lẹ̀. "Ìyá mi, èmi ni mo tú u! Èmi ni mo fi bọ́tìnì rẹ̀ sínú àpò Ládòkun, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀! Má tẹ̀ ẹ́, Ládòkun! Èmi ni!"