Ó Yé Yín?

"Ó yé ọ?" ni Tíṣà Oyèníran bi í.

"Ó yé mi, sà," ni Sàfúrátù dáhùn.

Irọ́ gbáà ni. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ ọ̀hún ì bá ṣe? Nígbà tí wọ́n pọ̀ ní kíláàsì, tí tíṣà bá ní, "Ó yé yín?", ẹni tí kò yé á sá pamọ́ sẹ́yìn ẹni tó yé, títí tí yóò fi rí ọ̀rẹ́ tí yóò là á yé e lábẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tí "yín" wá di "ọ" ńkọ́? Ibo ni èèyàn fẹ́ sá sí? Ojú ń ti Sàfúrátù láti sọ pé kò yé òun, torí kò sí ẹlòmíì ní kíláàsì mọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni tíṣà yìí, ọmọ Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ti dúró níwájú àwọn ọmọ Fọ́ọ̀mù Kẹta.

"A ti gba òmìnira," ó wí, "òyìnbó ń di ẹrù rẹ̀. Ta ni yóò máa ṣe afárá? Ta ni yóò fa omi ẹ̀rọ wọ Èjìgbò? Ẹ má wulẹ̀ mú ẹ̀kọ́ tó rọrùn. Ẹ mú ìṣirò gíga. Ó le, n kò ní í parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀nà gbà."

Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ yẹn ló wọ Sàfúrátù lára. Láti kékeré ló ti ń bá Ìyá Àgbà pọn omi odò, ọrùn rẹ̀ sì mọ bí ìkòkò ṣe wúwo tó. Ó nawọ́ sókè. Àríkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ńṣì kan, nawọ́ pẹ̀lú, àwọn mìíràn náà sì nawọ́.

Ọwọ́ nínà kò ṣòro, ìdúró ló ṣòro. Nígbà tí ìṣirò bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín hàn, wọ́n ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àríkẹ́ ló lọ kẹ́yìn.

"Orí ń fọ́ mi, Sàfú," ó wí. "Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo fẹ́ máa ṣe. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti kú, wọn kò lè dà mí láàmú."

Sàfúrátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ọwọ́ tirẹ̀ nìkan ló wá kù. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ iléèwé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "Ìyàwó Tíṣà." Bí ó bá ń bọ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, wọ́n á dákẹ́. Àríkẹ́ náà á dákẹ́ pẹ̀lú wọn. Èyí ló dùn ún jù.

Orúkọ náà délé kí òun tó délé. Kàsímù bàbá rẹ̀, tó jẹ́ télọ̀, dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì.

"Wọ́n ní ìwọ àti tíṣà nìkan lẹ máa ń wà nínú yàrá."

"Bàbá mi, ilẹ̀kùn máa ń wà ní ṣíṣí. Fèrèsé náà ń wà ní ṣíṣí."

"Ṣé ẹnu ayé ló ní ilẹ̀kùn ni? Mo mọ̀ ọ́, mo sì mọ̀ pé ọmọlúàbí ni tíṣà. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin kì í dá wà pẹ̀lú ọkùnrin nínú yàrá. Bí kò bá sí ẹni tí yóò bá ọ jókòó níbẹ̀, fi ìṣirò náà sílẹ̀."

Sàfúrátù lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó sunkún. Ì bá fẹ́ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n Àbíjàn ni ìyá rẹ̀ ti ń tajà, Iléyá nìkan ló ń gbé e wálé. Kò mọ̀ pé Ìyá Àgbà, Àmínátù ìyá bàbá rẹ̀, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ níbi tó ti ń ran òwú.

"Kàsímù," ni màmá náà pè, "o ní kó rí ẹni tí yóò bá a jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"O ò sọ pé dandan ni kó jẹ́ ọmọdé."

Kàsímù rẹ́rìn-ín, ó tún gbé ẹsẹ̀ lé máṣíìnì.

Nígbà tí ìṣirò tún kàn, Ìyá Àgbà gbé igbá òwú rẹ̀ wọ kíláàsì, ó sì jókòó sí àyè Àríkẹ́. Tíṣà dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú ẹfun lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ó kọ ìṣirò kún ojú pátákó, ó ń ṣàlàyé, Ìyá Àgbà ń ran òwú. Nígbà tó parí, ó yíjú sí wọn. Ta ni yóò sọ pé "ọ" níwájú àgbàlagbà?

"Ó yé yín?"

Sàfúrátù gbé orí sókè. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ "yín" kẹ́yìn.

"Ó yé..." ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyá Àgbà wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn, òun ló tọ́ ọ dàgbà, ó mọ bó ṣe máa ń rí bó bá ń parọ́.

"Kò yé wa, tíṣà," ni màmá náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

Tíṣà nu pátákó, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Sàfúrátù sún mọ́ Ìyá Àgbà lórí bẹ́ńṣì, ó sì ń gbọ́.