Bàtà Àjíǹde Adébùnmí

Adébùnmí bọ́ bàtà náà, ó jù ú padà sórí ẹní Moshood tó ń ta bàtà. Gìgísẹ̀ tín-ín-rín bí ìṣó ló tún gbé fún un.

"Èyí tí abẹ́ rẹ̀ kún láti ẹ̀yìn dé iwájú ni mo ní kí ẹ fún mi."

Moshood wo ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ tó kúrú. Ó ní kí ló fẹ́ fi bàtà gíga ṣe, ṣé wọn ò fún un ní bàtà nílé ìwòsàn eegun ní Igbóbì ni. Ká sọ òótọ́, wọ́n fún un, dúdú kan tó wúwo bí odó. Òun náà ló ń wọ̀ títí ọ̀gá akọrin tuntun fi dé, tó ní kí ó lọ jókòó de àwọn yòókù nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àjíǹde, ìrìn rẹ̀ ń da ìlà rú bí akọrin bá ń tò wọlé. Ọ̀la sì ni Àjíǹde.

Kì í ṣe bàtà fáàrí ló ń wá. Èyí tí yóò wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí yóò tún wọ̀ lọ ta ẹja, tí kò ní í bó o lẹ́sẹ̀. Kí abẹ́ rẹ̀ ṣáà nípọn, kí wọ́n lè gé ti ọ̀tún wálẹ̀. Ó ti rin Ṣómólú já. Èyí tó nípọn ń fún un. Èyí tó gba ẹsẹ̀ rẹ̀, pẹlẹbẹ ni.

Bàrígà ni Serifat, tóun náà ń ta bàtà, ti tú ọ̀kan tó nípọn tó sì gba ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde nísàlẹ̀ àpò, ó ní kò sẹ́ni tó yà sí i láti ọjọ́ yìí. Adébùnmí gbé e lọ bá Àkànbí tó ń ran bàtà. Àkànbí ní òun ò lè ba bàtà tuntun jẹ́.

"Ẹ gé e, bọ̀ọ̀dá. Ẹsẹ̀ mi lẹ̀ ń tún ṣe."

Àkànbí fi ọ̀bẹ fá abẹ́ ti ọ̀tún. Adébùnmí rìn lọ, ó rìn bọ̀. Ó dọ́gba. Àwọn ọmọ àdúgbò tó máa ń sín ìrìn rẹ̀ jẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè.

Sabina ìyá rẹ̀, tí kò ríran mọ́, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń to ẹja yíyan sínú agbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀ o," ló wí, bí ẹni ń kí àlejò. "Ta lẹ̀ ń wá? Adébùnmí ò tíì dé."

Adébùnmí dúró. Lọ́dọọdún, bí àwọn akọrin bá ń tò wọlé, ìyá yìí a na ọwọ́ jáde láti orí bẹ́ǹṣì gẹ́lẹ́ bí Adébùnmí ṣe ń kọjá, a fi kan aṣọ rẹ̀. Ìró ìrìn rẹ̀ ló fi ń mọ̀ ọ́n, kò sì ṣì í rí.

Ẹnu ló yẹ kí ó fi dáhùn. Bàtà ló kọ́kọ́ bọ́.