Kó Tètè Sùn

Màmá kì í gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé òun fẹ́ pa kọ̀ǹpútà. "Ohun tó ń bá yín ṣiṣẹ́ látàárọ̀, ẹ fẹ́ pa á? Ẹ ní kó sùn, jàre." Táyéwò ọmọ rẹ̀, tó ń tẹ̀wé fún èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Gowon Estate, a máa fi ṣẹ̀fẹ̀. Àwọn oníbàárà pàápàá ti kọ́ ọ.

Oyún wà nínú Táyéwò nígbà náà, àìsàn ọkàn sì ti mú Màmá débi pé kò dá a lójú pé òun máa fojú kan ọmọ náà. Ìdí nìyẹn tó fi ní òun á máa wá ki oríkì ìdílé wọn sórí kọ̀ǹpútà, láti orí àwọn baba ńlá wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ọmọ lè gbọ́ ọ lẹ́nu òun bí òun ò tilẹ̀ sí mọ́. Táyéwò wá áàpù kan tó ń gba ohùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, epo jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́ tán, wọn ò ju dídán an wò lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn, kọ̀ǹpútà kọ̀, kò sùn bọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ aboyún ti wú, ọkọ̀ tó ń lọ Baruwa níbi tí wọ́n ń gbé kò sì sí nítòsí.

Lọ́jọ́ kejì Táyéwò pe Ṣàfíù, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkòtún.

"Bùrọ̀dá Ṣàfíù, mo fẹ́ kí nǹkan yìí máa tètè kú."

Màmá gbójú sókè. "Kó máa tètè sùn."

"Ẹ má bínú, Màmá. Kó máa tètè sùn."

Ṣàfíù wò ó títí. "Kì í ṣe ọ̀lẹ o, àǹtí. Àwọn iṣẹ́ kan ń lọ lábẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò rí. Tẹ́ ẹ bá ní kó sùn, ó ń dúró kí wọ́n kó ẹrù wọn tán. Mo lè dín ìdúró yẹn kù. Ṣùgbọ́n èyí tí ò bá tíì kó tiẹ̀ tán, á fipá pa á ni, ẹrù yẹn sì ti lọ nìyẹn. Ṣé kò sí nǹkan tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú bẹ́ẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ wà ńbẹ̀? Gbogbo ìwé tí mo bá tẹ̀, èmi náà ni mò ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ bá mi dín in kù, jàre."

Kò mọ̀ pé áàpù tó ń gba ohùn Màmá kì í tọ́jú ohunkóhun àfi tí kọ̀ǹpútà bá fẹ́ sùn.

Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà ń sùn wéré. Inú Táyéwò dùn. Màmá ń wá, ó ń ki ọmọ tí kò tíì rí, títí ohùn rẹ̀ fi há. Tó bá ki tán, á ṣàdúrà. Tó bá ṣàdúrà tán, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í dágbére fún ọmọ inú bí ẹni tí kò fẹ́ lọ. Táyéwò kò ṣí i gbọ́ rí. Ṣebí ẹni tó ń sọ ọ́ wà níwájú rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Màmá sùn, kò jí. Ọmọ kò tíì dé.

Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, Táyéwò pọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù láti wá ohùn ìyá rẹ̀. Ó wá a títí, kò rí i. Ó pe Ṣàfíù. Ṣàfíù dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò lè wo ojú rẹ̀.

"Kọ̀ǹpútà ò dúró kí áàpù yẹn kó ohùn wọn tán, àǹtí. Ti ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló kù."

Ó gbé e sí i fún un, ó sì rọra bọ́ síta.

"Táyé, ṣé ó ti ń gbọ́ mi? Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Ohùn Màmá nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohùn Táyéwò fúnra rẹ̀ ló dáhùn. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kíá. Epo ti ń tán."

"Ó dáa. Ó dọ̀la nìyẹn."

Ọmọ mira lẹ́yìn rẹ̀. Táyéwò sunkún. Ó tún un gbọ́, ó sì tún un gbọ́. Nígbà tí Ṣàfíù padà wọlé tó ní àkókò tó kí àwọn tilẹ̀kùn, Táyéwò di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà.

"Ẹ má ní kó sùn," ó wí. "Ẹ jẹ́ kó dúró."